Glaucoma, Olè Tí Ń Jí Ojú Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera sọ níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ka wa

A mọ̀ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru wà láàárín wa, oorun sì wà lójú wọn, nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan ti bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ojú, ṣebí owó oṣù ló yẹ ká máa jà fún. Ìdáhùn wa kò gùn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú náà ni awakọ̀ fi ń jẹun, òun náà sì ni ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ fi ń dáàbò bo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, ẹni tó ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún lójú ọ̀nà, gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lé orí tábìlì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun kò wakọ̀ mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárín oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi díńgí ẹ̀gbẹ́ òsì gbá ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn alákòóso yọ owó díńgí nínú owó oṣù rẹ̀. Àwa náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, àwọn kan nínú wa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọtí ni. Nígbà tó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ kan tó ń kiri omi yọ láti apá òsì, awakọ̀ wa kò rí i rárá, igbe kọndọ́kítọ̀ ló mú kó tẹ bíréèkì. Ọmọ náà kò fara pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yìí gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

A tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní kó ka lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó kà á tán, títí kan àwọn tíntìntín tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Inú wa dùn, a rò pé kò sí nǹkan kan. Dókítà ní ká ṣe sùúrù. Ó gbé e sídìí ẹ̀rọ kan tó ń tan iná kékeré síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní kó tejú mọ́ àárín, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá ti rí iná. Nígbà tí ìwé jáde nínú ẹ̀rọ, dúdú ló bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún, àárín nìkan ló kù, bí ìgbà téèyàn bá ń wo ayé láti inú páìpù. Àárín yẹn ló fi ń ka lẹ́tà, òun náà ló fi ń wo iwájú mọ́tò, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀.

Glaucoma ni orúkọ àrùn náà. Awakọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ̀rọ̀ òun fún yín, kìkì pé ká má dárúkọ òun.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Ara ń pèsè rẹ̀ tọ̀sán-tòru láti fi bọ́ inú ojú, omi náà sì ń gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ jáde níbi tí dúdú ojú àti funfun ojú ti pàdé. Ihò wẹ́wẹ́ yìí dà bí asẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ìlà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí omi bá ń wọlé tí ọ̀nà àbájáde sì ń dí: géèjì á máa gòkè. Bákan náà ni nínú ojú. Lẹ́yìn ẹyinjú, iṣan kan wà tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, bíi wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n dì pọ̀. Agbára omi inú ojú á máa tẹ iṣan yìí, fọ́nrán á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí géèjì ojú wọn kò ga tí iṣan náà sì ń kú, nítorí náà kì í ṣe wíwọn agbára omi nìkan ló tó. Dókítà gbọ́dọ̀ wo ìdí iṣan náà pẹ̀lú.

Fọ́nrán tó bá ti kú, kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lónìí tó lè jí i. Níbí ni àrùn yìí ti yàtọ̀ sí àwọ̀ funfun tó máa ń bo ojú àwọn àgbàlagbà. Ìyẹn, oníṣẹ́ abẹ á yọ ọ́, á fi gíláàsì kékeré rọ́pò rẹ̀, ẹni náà á sì tún ríran. Ohun tí glaucoma bá ti gbà, kì í dá a padà. Gbogbo ìtọ́jú tí a óò mẹ́nu kàn lónìí, èyí tó kù ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ẹ ó béèrè pé báwo ni ojú èèyàn ṣe ń lọ tí kò ní mọ̀. Ó rọrùn. Irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni, kì í pọ́n, kì í yún. (Irú kan wà tó ń dé lójijì pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí líle àti èébì, ìyẹn kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ilé ìwòsàn ni yóò sáré lọ lóru ọjọ́ náà.) Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú kejì á máa bo àbùkù èkínní, ọpọlọ náà á sì máa fi ohun tó mọ̀ dí àlàfo, bí ẹni tó fi pépà dí ihò ògiri tó sì kùn ún. Ìgbà téèyàn bá fi mọ̀, ó ti pẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àrùn àwọn olówó ni, tàbí ti òkè òkun. Láti ọdún 2005 títí dé 2007, àwọn dókítà lọ káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé 40 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Iye ènìyàn tí wọ́n yẹ ojú wọn wò lé ní 13,000. Nínú ogún ènìyàn, ó tó ẹnì kan tó ní glaucoma. Nínú 100 àwọn tó ní in, kò tó mẹ́fà tó mọ̀ pé òun ní in. Nínú márùn-ún wọn, ẹnì kan ti fọ́jú. Ẹ wo àyíká yín nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ ka orí àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, kí ẹ wá ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Àwa ènìyàn dúdú ni àrùn yìí ń bá jà jù. Ó ń bá wa ní kékeré ju bó ṣe ń bá àwọn òyìnbó lọ, ó sì ń tètè fọ́ wa lójú. Ohun tó ya ni lẹ́nu ni pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá. Ẹ̀wà kan wà ní agbègbè Calabar tí àwọn Efik ń pè ní èséré. Májèlé ni, àwọn baba ńlá wọn a máa fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu. Àwọn òyìnbó gbé e lọ sí Edinburgh, wọ́n rí i pé ó máa ń mú kí ọmọlójú sún kì. Ní 1876, dókítà kan ní Strasbourg, Ludwig Laqueur, kéde pé oògùn tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà yìí ń mú agbára omi inú ojú wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní glaucoma. Ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí von Graefe gbé jáde ní Berlin ní 1857 nìkan ló wà. Ní 1935, ọmọ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Percy Julian, ẹni tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ po oògùn ẹ̀wà Calabar yìí nínú yàrá ìwádìí láìlo ẹ̀wà rárá, nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ń bá a du ún. A kò mọ iye ọmọ ilé ìwé wa tí wọ́n ti sọ ìtàn yìí fún.

Oògùn ti yí padà láti ìgbà náà. Lónìí, oògùn tí wọ́n ń kán sójú pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, kó ènìyàn 1,636 jọ tí agbára omi ojú wọn ga ṣùgbọ́n tí iṣan wọn kò tíì bàjẹ́. Nínú àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan, 9.5 nínú 100 ló ti ní glaucoma láàárín ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tó ń kán oògùn, 4.4 ni. Ìyẹn ni pé oògùn dín in kù ju ìdajì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Oògùn yìí, títí ayé ni. Òṣìṣẹ́ tí ṣíìfùtì rẹ̀ ń yí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru, ìgbà wo ni yóò rántí pé aago mẹ́jọ ti lù? Awakọ̀ fi ìgò oògùn sí iwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, ó gbóná bí omi ẹ̀kọ. Bí oògùn bá sì tán ní ogúnjọ́ oṣù, tí owó oṣù kò tíì dé, kò sí ẹni tí ojú ń dùn, nítorí náà ó rọrùn láti sọ pé ó di ìparí oṣù. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Nínú ìgbìmọ̀ wa náà, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ohun tuntun ti wọlé, òun gan-an ló sì mú ká dìde sọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní lésà. Irú èyí tí a ń sọ, kì í gé ara, kì í jó o. Dókítà á kán oògùn tó ń pa ara kú sójú, á gbé gíláàsì kan lé e, á wá máa ta ìmọ́lẹ̀ náà lù asẹ́ ojú yẹn, nǹkan bí ìgbà 100 ní ìtakìtì-ìtakìtì. Ara fúnra rẹ̀ á wá tún asẹ́ náà ṣe, omi á sì túbọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Lésà yìí kì í ṣe tuntun pátápátá. Láti bí ogún ọdún ó lé ni wọ́n ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn oògùn ni wọ́n máa ń fi sí, bí oògùn bá kùnà. Ohun tó tuntun ni ìwádìí tó béèrè pé, ká ní òun la fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ojú Moorfields ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn mìíràn kó ènìyàn 718 jọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn yìí tàbí agbára omi tó ga lójú wọn. Wọ́n fún apá kan ní oògùn kíkán, wọ́n fi lésà bẹ̀rẹ̀ fún apá kejì. Èsì jáde ní 2019. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 74 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe lésà fún kò nílò láti kán oògùn kankan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, iye náà ṣì tó 70. Àwọn tó wá nílò iṣẹ́ abẹ nínú wọn kéré sí ti àwọn tó ń kán oògùn. Nígbà tó di 2022, àjọ tó ń là ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ìlànà padà, ó ní lésà ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ fi lọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè.

Ẹnìkan nínú yín á sọ pé Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ibí. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kejì fi wù wá ju èkínní lọ. Ilé ìwòsàn ńlá Kilimanjaro ní ìlú Moshi, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ènìyàn dúdú bí tiwa, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú àrùn tó ti wọra. Ènìyàn 201 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún apá kan ní timolol, oògùn kíkán tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Wọ́n ṣe lésà fún apá kejì, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Lẹ́yìn ọdún kan, ìtọ́jú kẹ́sẹ járí nínú 31 nínú 100 ojú tí wọ́n kán timolol sí. Ti lésà, 61 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Ẹ má sì jẹ́ ká sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Ojú 39 nínú 100 ṣì wà tí lésà kò tó fún. Agbára rẹ̀ lè dín kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n á sì tún un ṣe. Ẹni tí àrùn ti jẹ jìnnà lójú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tó ń la ọ̀nà tuntun fún omi, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1968, ni ó sábà máa ń nílò. Ẹni tí wọ́n sì ti ṣe lésà fún kò gbọdọ̀ sọ pé ó parí, yóò máa padà lọ fún àyẹ̀wò títí ayé. A ti gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ti sá lọ bí ẹni tó san gbèsè tán. Gbèsè yìí kì í tán.

Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ lésà yìí nílẹ̀ wa kò pọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n lójú òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí oníṣirò: ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ìgò oògùn kan kò kọjá oṣù kan. Bí ìjọba bá fẹ́ ná owó lórí ojú, a mọ ibi tí a óò tọ́ka sí.

Ìwádìí ń lọ lórí ìdí tí ó fi jẹ́ àwa ni àrùn yìí ń mú jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀jẹ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù láti fi wá àbùdá tí a jogún tó ń fa á, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù ní Ìbàdàn tó ń wá a ní Kánò. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí àwọn dókítà ojú láti Ìbàdàn wà lára wọn, gbé ìwádìí jáde tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ni wọ́n lò, wọ́n sì rí àbùdá kan tí wọn kò rí lára àwọn òyìnbó. Ní 2024, àwọn ti Yunifásítì Pennsylvania, tí wọ́n ń bá àwọn dúdú ìlú Philadelphia ṣiṣẹ́, gbé tiwọn jáde lórí ènìyàn tó lé ní 11,000, wọ́n tún rí òmíràn. Èyí kò tíì di oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó wúlò lónìí: àrùn ìdílé ni. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ bá ní in, ewu rẹ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Awakọ̀ wa yìí ní àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa lòun náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi agídí mú un lọ, ó ń ráhùn lójú ọ̀nà pé ojú òun mú bí ti àṣá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní in lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣan kò tíì bàjẹ́ púpọ̀. Wọ́n ṣe lésà fún un, ó padà sídìí ẹ̀rọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, àrùn kan náà ló mú wọn, ọdún díẹ̀ ló sì wà láàárín ọjọ́ orí wọn. Ẹ̀gbọ́n ni kò rí ẹni tó mú un lọ.

A tún fẹ́ kìlọ̀ nípa ohun méjì. Èkínní ni oògùn ojú tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì. Eruku àti èéfín ọkọ̀ máa ń mú kí ojú yún awakọ̀, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú oògùn tí wọ́n ń tà fún un ní steroid nínú, bíi dexamethasone àti betamethasone. Yóò dá ìyún dúró kíákíá, òótọ́ ni, ojú á sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń kán an lóṣooṣù láìsí dókítà, ó lè gbé agbára omi inú ojú sókè, kí ó sì fa glaucoma fúnra rẹ̀. Awakọ̀ wa ti kán irú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Dókítà kò sọ pé òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ rẹ́ ẹ sẹ́yìn. Bákan náà, kí ẹni tí ásímà ń bá jà má yá timolol ẹlòmíràn lò, ó lè sé e léèmí.

Èkejì ni àwọn tí yóò wá máa ta ìrètí. Òótọ́ ni pé ní Melbourne ní 2020, wọ́n fún ènìyàn 57 tó ní glaucoma ní irú fítámì B kan, nicotinamide, ní ìwọ̀n tó pọ̀ gan-an, iṣan ojú àwọn kan sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i fún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Sweden àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ tún ni pé ní ọdún 2020 kan náà, àwọn onímọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà mú kí ojú tí irú àrùn yìí ti bàjẹ́ tún ríran díẹ̀. Ojú eku ni. Inú wa dùn sí i, a sì ń retí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró nínú bọ́ọ̀sì tó na ìgò sókè pé òun ní fítámì tó ń jí ojú, ẹ rántí pé nicotinamide tó pọ̀ lápọ̀jù lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti pé èèyàn kì í ṣe eku.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó le jù, èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Nígbà tí a dábàá pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ti pé ogójì ọdún lọ fún àyẹ̀wò ojú, àwọn arákùnrin kan dìde pé, "Ẹ fẹ́ gbé pàṣán lé ọ̀gá lọ́wọ́ kó fi nà wá." Wọn kò sọ ìsọkúsọ. Ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, àwọn alákòóso pe àyẹ̀wò ojú ní ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Kò pé oṣù kan tí àwọn awakọ̀ mẹ́rin fi gba ìwé ìdádúró. Láti ìgbà náà, awakọ̀ tí ojú ń ṣe, ńṣe ló ń há lẹ́tà orí ògiri sórí kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé.

Àwa rò ó títí. A kò lè máa kọrin pé ẹ̀mí òṣìṣẹ́ níye lórí, ká sì gbà kí ẹni tí kò rí ọmọ tó ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ máa gbé ọgọ́ta ènìyàn kiri. Ọmọ òṣìṣẹ́ ni ọmọ tó ń kiri omi yẹn pẹ̀lú. Bí ojú méjèèjì bá ti ní àlàfo débi tí dókítà fi sọ pé ó tó, ẹgbẹ́ kò ní jà pé kí ẹni náà padà sídìí ọkọ̀. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní glaucoma ni yóò fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tètè rí tirẹ̀, tó sì ń tọ́jú ara, ọ̀pọ̀ wọn ló ń wakọ̀ títí wọ́n fi gba ìsinmi. Ìbẹ̀rù ìwé ìdádúró ló ń sọ ẹni tó lè wakọ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i di ẹni tí kò ní ríran mọ́ láti wakọ̀ lọ́dún mẹ́ta.

Nítorí náà a lọ bá àwọn alákòóso jókòó nígbà mẹ́ta. Wọ́n ti gbà pé àkókò iṣẹ́ ni àyẹ̀wò yóò wáyé, tí wọn kò sì ní yọ owó. Wọ́n ti gbà pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni èsì yóò bọ́ sí nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, pé ohun kan ṣoṣo tí dókítà yóò kọ sí ilé iṣẹ́ ni "ó lè wakọ̀" tàbí "kò lè wakọ̀." Wọ́n ti gbà pé ẹni tí kò bá lè wakọ̀ mọ́, wọn yóò wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni owó oṣù rẹ̀. Wọ́n ní owó iṣẹ́ tuntun ni yóò máa gbà. Àwa ní owó rẹ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ dín, nítorí ojú tó fi sin ilé iṣẹ́ fún ogún ọdún kì í ṣe ojú ọ̀fẹ́. Awakọ̀ wa ti wà ní ọ́fíìsì tó ń to ìrìn bọ́ọ̀sì báyìí, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀, àárín tó kù sì dúró. Owó tó ń gbà ti dín. Lórí owó yìí ni ìpàdé kẹrin yóò dá lé.

Kí ìpàdé náà tó wáyé, a kò ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró dè wá. Ìwé tí a ń kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé, inú àpótí ẹgbẹ́ ló ń sùn, kò sí ọ̀gá kankan tí yóò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí tó ti fọ́jú láìmọ ohun tó fà á, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kíka lẹ́tà kò tó: ẹ ní kó wọn agbára omi inú ojú, kó wo ìdí iṣan ẹ̀yìn ojú, kó sì fi ẹ̀rọ oníná yẹn wò yín bó bá wà níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n bá kán láti la ọmọlójú lè mú kí ojú ṣú fún wákàtí díẹ̀, nítorí náà kí awakọ̀ má gbé mọ́tò lọ. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ jókòó sẹ́yìn bí èrò.